Ata Tí Ó Gba Ẹ̀bùn Nobel: Ìtàn Ìgbésí-Ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Albert Szent-Györgyi

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹ̀mí tí kò jẹ ata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. Àwọn tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò ní yàrá ìwádìí, wọn kò sì mọ ohun tí ń jẹ́ fítámì. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1937, ọkùnrin ará ilẹ̀ Hungary kan gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ ìwádìí kan tí ata pupa wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Orúkọ ọkùnrin náà ni Albert Szent-Györgyi. Nítorí pé orúkọ ìdílé rẹ̀ le lẹ́nu, Albert ni n ó máa pè é nínú àkọsílẹ̀ yìí.

Ẹnìkan lè bi mí léèrè pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ń wá lọ́dọ̀ onísáyẹ́ǹsì òyìnbó tí ó ti kú láti ọdún 1986. Ìdáhùn mi jẹ́ méjì. Èkíní ni pé èdè tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá fi sọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ dà bí ọkọ̀ tí a fà gòkè sórí iyanrìn tí a kò sì tì padà sínú omi: oòrùn ni yóò là á. Èkejì ni ó sì ká mi lára jù. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ní etí òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nínú ọkọ̀ tí ń gbé èrò láti Igbókòdá lọ sí àwọn ìlú etí òkun, a máa ń pàdé àwọn tí ń ta oògùn inú ike àti inú páálí. Wọn a ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́, wọn a ní ó ń pa àrùn jẹjẹrẹ. Bí ẹ bá wo ara páálí náà dáadáa, ọ̀rọ̀ kan tí ẹ ó máa rí níbẹ̀ ni antioxidant. Ẹni tí jẹjẹrẹ bá ń bá jà lè ta àwọ̀n rẹ̀, kí ó sì ta ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ìgbésí-ayé Albert ni ó jẹ́ kí n mọ ibi tí òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àti ibi tí òtítọ́ náà parí sí.

Ìbí rẹ̀ àti ìgbà èwe rẹ̀

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1893 ni wọ́n bí Albert ní Budapest, olú-ìlú Hungary. Ìdílé ọ̀mọ̀wé ni ìdílé ìyá rẹ̀. Mihály Lenhossék, arákùnrin ìyá rẹ̀, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀yà ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìwé kò wọ Albert lórí nígbà tí ó wà ní kékeré, Lenhossék sì ti gbà pé olódo ni ọmọ náà. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 16 ni ojú rẹ̀ là, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kàwé bí ẹni tí ebi ìwé ń pa. Nígbà tí ó sọ pé òun fẹ́ di olùwádìí, Lenhossék fárígá. Nígbà tí ó pẹ́, ó gbà fún un, ṣùgbọ́n ó ní kí ó ṣe ìwádìí nípa ihò ìdí, nítorí pé jẹ̀díjẹ̀dí ń da òun fúnra rẹ̀ láàmú. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ìdí ni ẹni tí yóò gba ẹ̀bùn Nobel kọ́kọ́ kọ̀wé lé lórí. Ó máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí dá àpárá títí tí ó fi darúgbó.

Ní ọdún 1914, ogun àgbáyé kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì mú Albert, tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn lọ́wọ́, lọ sójú ogun. Ó ṣe akin níbẹ̀, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọdún 1916, ogun náà ti sú u. Ó rí i pé ń ṣe ni àwọn ọ̀dọ́ ń kú lásán. Ó gbé ìbọn, ó yìn ín mọ́ ara rẹ̀ lápá, ó sì sọ pé ọ̀tá ni ó yìnbọn fún òun. Wọ́n dá a padà sílé, ó sì gba oyè dókítà ní ọdún 1917. Ní ọdún yìí kan náà ni ó gbé Nelli ní ìyàwó. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ ìyá rẹ̀.

Nígbà tí ogun parí, ohun ìní ìdílé wọn ti run. Albert wá di ẹni tí ń ti ìlú dé ìlú nítorí iṣẹ́ ìwádìí: ó dé Prague, ó dé Berlin, ó dé Hamburg, ó dé Leiden, kí ó tó wá fìdí kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní Groningen, ní ilẹ̀ Netherlands. Ìyà jẹ ẹ́ púpọ̀ ní àwọn ìlú wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n Groningen ni ó ti rí ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni ńlá.

Ikàn tí ó dúdú àti ọsàn tí kò dúdú

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé bí a bá gé ikàn tàbí tí a bó iṣu tí a kò tètè fi omi sí i, ojú rẹ̀ a yí padà, a sì dúdú. Ṣùgbọ́n bí a bá gé ọsàn wẹ́wẹ́, ojú rẹ̀ kì í dúdú. Ìyá wa nínú ilé ìdáná mọ èyí. Ohun tí Albert ṣe ni pé ó béèrè ìdí rẹ̀.

Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni ó ń jẹ ojú ikàn náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń jẹ ìṣó inú ọkọ̀ wa ní etí òkun títí tí yóò fi dípẹtà. Albert rí i pé bí òun bá fún omi irú èso bí ọsàn sí ohun tí ó fẹ́ dúdú, dúdú náà a falẹ̀. Èyí fi yé e pé ohun kan wà nínú omi èso náà tí ń fi ara rẹ̀ jìn: ó ń fún ọ́síjìn ní ohun tí ọ́síjìn ń wá, kí ọ́síjìn má baà gbà á lára ohun mìíràn. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ ni àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní antioxidant lóde òní. Bí ẹ bá gbà fún mi, n ó pè é ní èròjà adènà-ìpẹtà.

Ó rí irú èròjà yìí kan náà nínú ẹ̀yà ara kékeré tí ó jókòó lórí kíndìnrín ẹran. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Ọ̀gá tí ó ń ràn án lọ́wọ́ ní Groningen kú, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, owó sì tán. Ó dá ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ padà sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí ìyàwó. Ìrètí rẹ̀ pin pátápátá. Ní ọdún 1926, ó lọ sí àpérò kan ní Stockholm, ó sì gbà pé èyí ni yóò jẹ́ ìgbẹ̀yìn òun láàárín àwọn onísáyẹ́ǹsì. Ẹni tí ó ń ka ìwé àpilẹ̀kọ ọjọ́ náà ni Sir Frederick Gowland Hopkins ti Yunifásítì Cambridge, tí gbogbo ayé ń bu ọlá fún. Ó yà Albert lẹ́nu pé ọkùnrin ńlá yìí dárúkọ òun nígbà mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó lọ kí i lẹ́yìn ìpàdé, Hopkins sì pè é wá sí Cambridge. Orí tí yóò jọba kì í sùn sí oko.

Ní Cambridge ni ó ti rí èròjà náà yọ gẹ́gẹ́ bí òkúta wínníwínní funfun, tí ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1927. Nígbà tí ó fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí, kò mọ orúkọ tí òun yóò sọ ọ́. Nítorí pé kò mọ irú ohun tí ó jẹ́ gan-an, ó fún un ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí pé èmi kò mọ̀ ọ́n. Olóòtú kọ̀. Ó tún fún un ní òmíràn tí ó dà bí ìgbà tí a bá sọ ọmọ ní Ọlọ́run-ló-mọ̀. Olóòtú bínú, ó ní kí ó pè é ní hexuronic acid. Orúkọ yìí ni ó fi jáde ní ọdún 1928. Albert kò mọ̀ nígbà náà pé ohun tí ayé ti ń wá láti bí 200 ọdún ni ó wà lọ́wọ́ òun.

Àrùn àwọn atukọ̀

Láyé àtijọ́, àrùn kan wà tí ń pa àwọn atukọ̀ òyìnbó ju ìjì lọ. Bí wọ́n bá ti pẹ́ lórí òkun, tí oúnjẹ wọn kò ju búrẹ́dì líle àti ẹran oníyọ̀ lọ, erìgì wọn a wú, eyín wọn a mì, ojú ọgbẹ́ tí ó ti jinná a tún là, wọn a sì kú. Scurvy ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 1747, dókítà inú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, James Lind, mú atukọ̀ 12 tí àrùn náà ń ṣe, ó pín wọn sí méjì-méjì, ó sì fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ohun ọ̀tọ̀. Àwọn méjì tí ó fún ní ọsàn àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n yára gbádùn. Láti ìgbà náà ni ayé ti mọ̀ pé ohun kan wà nínú ọsàn. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n pè é ní fítámì C, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tíì fi ojú kàn án.

Ní ọdún 1931, Albert padà sí ilẹ̀ baba rẹ̀, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Szeged. Ìlú Szeged yìí yóò yé ọmọ Ìlàjẹ. Etí odò Tisza ni ó wà. Ní ọdún 1879, odò náà kún, ó sì gbá èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìlú náà lọ, kí wọ́n tó tún un kọ́. Ọbẹ̀ ẹja tí ó kún fún ata pupa ni oúnjẹ tí a mọ ìlú náà mọ́. Ẹni tí ó bá mọ bí òkun ti ń jẹ Ayétòrò, tí ó sì ti fi ọbẹ̀ ẹja tútù jẹ púpúrú rí, kò ní ṣàjèjì púpọ̀ ní Szeged.

Ní ọdún yìí kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Amẹ́ríkà, Joseph Svirbely, wá bá a ṣiṣẹ́. Ó mọ bí a ti ń dán fítámì C wò lára ẹranko kékeré tí òyìnbó ń pè ní guinea pig. Ẹran bí ewúrẹ́ àti ajá lè ṣe fítámì C nínú ara wọn, ṣùgbọ́n guinea pig kò lè ṣe é, ènìyàn pẹ̀lú kò sì lè ṣe é. Svirbely fún àwọn kan ní oúnjẹ bíbọ̀ nìkan, ó sì fi hexuronic acid kún oúnjẹ àwọn yòókù. Àwọn ti ìṣáájú kú, àwọn ti ìkejì sì yè. Ohun tí Albert ti ní lọ́wọ́ láti bí ọdún mélòó kan ni fítámì C fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ọlá tí kì í ní awuyewuye. Charles Glen King, ọ̀gá Svirbely àtijọ́ ní Pittsburgh, tẹ irú àbájáde kan náà jáde ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 1932. Ti Albert àti Svirbely jáde ní ọjọ́ 16 oṣù náà. Títí di òní ni àwọn kan fi ń jiyàn lórí ẹni tí ó ni ìṣáájú.

Ata alẹ́ ọjọ́ kan

Ìṣòro kan ṣẹ́ kù. Èròjà náà kò tó nǹkan lọ́wọ́ Albert. Kò sí bí a ti lè mọ bí a ti hun ún láìjẹ́ pé ó pọ̀. Ó ti rìnrìn àjò dé Amẹ́ríkà rí láti lọ kó ẹ̀yà ara orí kíndìnrín màlúù ní ilé ìpẹran, tí ó sì jẹ́ pé nǹkan bí gíráàmù 25 péré ni ó rí yọ lẹ́yìn wàhálà ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní Szeged, ìyàwó rẹ̀ gbé ata pupa tútù síwájú rẹ̀, irú èyí tí ó jọ tàtàṣé wa. Kò wu Albert jẹ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ wí bẹ́ẹ̀ lójú ìyàwó rẹ̀. Bí ó ti ń wo ata náà ni ó rántí pé òun kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò rí. Ó gbé e, ó di yàrá ìwádìí. Kí ó tó di ọ̀gànjọ́, ó ti mọ̀ pé ata náà kún fún fítámì C: nǹkan bí mílígíráàmù 2 nínú gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti ní ju kílò kan lọ. Ó pín in fún àwọn onísáyẹ́ǹsì káàkiri ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Òun àti Norman Haworth ti Birmingham sì sọ èròjà náà ní ascorbic acid, èyí tí ó túmọ̀ sí èyí tí ń lé scurvy lọ.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mẹ́nu kàn. Albert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún aláìsàn kan, tí ẹ̀jẹ̀ máa ń ya lábẹ́ awọ ara rẹ̀, ní omi èso tí wọn kò tíì sẹ́ dáadáa. Ara rẹ̀ yá. Nígbà tí wọ́n wá fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní fítámì C tí ó mọ́ gaara, kò ṣiṣẹ́. Wọ́n gbà pé ohun mìíràn tún wà nínú èso náà, wọ́n sì pè é ní fítámì P ní ọdún 1936. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, ayé kò gbà pé fítámì ni, ṣùgbọ́n a mọ irú èròjà tí ó jẹ́ lónìí: flavonoid ni orúkọ wọn, wọ́n sì wà nínú èso, ewé àti ata. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé n ó tún padà sí i: ohun tí ó wà nínú oúnjẹ ju ohun tí a yọ jáde nínú rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1937, wọ́n fún Albert ní ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí ara ti ń jó oúnjẹ àti lórí fítámì C. Nígbà tí Russia gbógun ti ilẹ̀ Finland, ó fi mẹ́dàlì wúrà rẹ̀ ta Finland lọ́rẹ.

Ogun, ìsáǹsá àti òkèèrè

Ogun àgbáyé kejì tún bá a nílé. Hungary wà lẹ́yìn Jámánì, ṣùgbọ́n Albert kórìíra Hitler tọkàntọkàn, ó sì ran àwọn Júù ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 1943, ó lọ sí Istanbul bí ẹni tí ó fẹ́ lọ sọ ọ̀rọ̀ nípa sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àṣírí láti ọ̀dọ̀ olórí ìjọba Hungary ni ó jẹ́ fún àwọn ọ̀tá Jámánì. Àṣírí náà tú, inú bí Hitler gidigidi, Albert sì di ẹni tí ń sá pamọ́ títí ogun fi parí. Síbẹ̀, láàárín rògbòdìyàn yìí ni òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ṣe ìwádìí ńlá lórí bí iṣan ara ti ń fà tí ó sì ń sọ, èyí tí àwọn onímọ̀ kan kà sí iṣẹ́ tí ó tóbi ju ti fítámì C lọ.

Ní ọdún 1947, ó kó lọ sí Amẹ́ríkà. Woods Hole ni ó tẹ̀dó sí, ìlú kékeré etí òkun níbi tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ti ń ṣe ìwádìí ohun abẹ̀mí inú omi. Ó fẹ́ràn omi púpọ̀: ó ń lúwẹ̀ẹ́, ó ń pẹja. Etí òkun yìí ni ó gbé títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Jẹjẹrẹ wọ ilé rẹ̀

Albert ti fẹ́ Marta ní ọdún 1941 lẹ́yìn tí òun àti Nelli pínyà. Ní ọdún 1963, jẹjẹrẹ pa Marta. Ní ọdún 1969, jẹjẹrẹ tún pa ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó sọ fún ayé ohun tí ó wà nínú ọsàn àti ata kò rí ohunkóhun fi gba ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti ju 70 ọdún lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó kó gbogbo agbára tí ó kù lára rẹ̀ lé àrùn yìí lórí.

Èrò rẹ̀ ni pé kí a má ṣe wo sẹ́ẹ̀lì nìkan, kí a wo ohun wínníwínní tí ń jẹ́ ẹ́lẹ́tírọ́ọ̀nù bí wọ́n ti ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn nínú rẹ̀. Ó gbà pé níbi tí ìrìn wọn bá ti dàrú ni sẹ́ẹ̀lì ti ń gbàgbé ìjánu, tí ó sì ń pọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró. Ó tún gbà pé fítámì C ní ipa nínú rẹ̀. Ó kọ ìwé lórí èyí ní ọdún 1976 àti 1978. Ọ̀pọ̀ onísáyẹ́ǹsì kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, ìjọba kò fún un ní owó mọ́. Amòfin kan, Franklin Salisbury, kà nípa ìyà tí ń jẹ ẹ́ nínú ìwé ìròyìn, ó sì fi dọ́là 25 ránṣẹ́ sí i. Albert fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìdúpẹ́ sí i. Láti inú ìwé yìí ni ọ̀rẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì sì dá National Foundation for Cancer Research sílẹ̀ ní ọdún 1973. Àjọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ di òní.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1986, Albert dágbére fún ayé ní Woods Hole, lẹ́ni ọdún 93. Kò rí oògùn jẹjẹrẹ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀

Ọ̀nà tí Albert ń tọ̀ kì í ṣe ọ̀nà asán. Ọ́síjìn tí a fi ń jó oúnjẹ nínú ara a máa ta pàrà bí iná igi. Ohun tí ó ta pàrà yìí lè ba ìlànà tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì jẹ́, bí irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ bá sì kóra jọ fún ọdún pípẹ́, jẹjẹrẹ lè ti ibẹ̀ yọ. Èròjà adènà-ìpẹtà a máa pa pàrà náà. Àwọn olùwádìí sì rí i ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ pé jẹjẹrẹ kan kì í sábà mú àwọn tí ń jẹ èso àti ẹ̀fọ́ dáadáa tó àwọn tí kì í jẹ ẹ́. Nítorí náà àwọn ènìyàn rò pé bí a bá yọ èròjà náà, tí a rọ ọ́ sínú kóró oògùn, tí a sì gbé e mì, a ó ṣẹ́gun jẹjẹrẹ.

Ewan Cameron àti Linus Pauling, tí òun náà gba ẹ̀bùn Nobel, sọ ní ọdún 1976 pé fítámì C púpọ̀ ń fa ẹ̀mí aláìsàn jẹjẹrẹ gùn. Ilé ìwòsàn Mayo Clinic dán an wò dáadáa, wọ́n sì tẹ àbájáde jáde ní ọdún 1979 àti 1985: àwọn tí ó gbé kóró fítámì náà mì kò sàn ju àwọn tí kò gbé e mì lọ.

Èyí tí ó tún yani lẹ́nu jù ṣẹlẹ̀ ní Finland, ilẹ̀ tí Albert fi wúrà rẹ̀ ta lọ́rẹ. Wọ́n kó ọkùnrin 29,133 tí ń mu sìgá jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní beta-carotene, èròjà tí ń mú epo wa pupa, nínú kóró oògùn. Ní ọdún 1994, àbájáde jáde: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí ó mú àwọn tí ń gbé beta-carotene mì fi ìdá 18 nínú 100 ju ti àwọn yòókù lọ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ dúró lójijì ní ọdún 1996 nítorí pé ti ibẹ̀ fi ìdá 28 nínú 100 lé sí i. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí ní Sweden rí i lára eku pé èròjà adènà-ìpẹtà lè mú kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí ó ti wà nílẹ̀ yára dàgbà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: asà tí a gbé fún gbogbo ará ilé, olè tí ó ti wọlé pẹ̀lú yóò rí i gbé.

Ṣùgbọ́n ní Linxian, ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí irú èròjà yìí kò ti tó nínú oúnjẹ wọn, àbájáde yàtọ̀. Láàárín nǹkan bí 30,000 ènìyàn, àwọn tí wọ́n fún ní beta-carotene, fítámì E àti selenium níwọ̀nba fún ọdún márùn-ún kú ikú jẹjẹrẹ ní ìdá 13 nínú 100 dín sí ti àwọn yòókù. Ọdún 1993 ni wọ́n tẹ èyí jáde. Ohun tí gbogbo rẹ̀ kọ́ wa ni pé ẹni tí kò ní ni ó yẹ kí ó ní. Ẹni tí ó ti ní tó, àníjù kò ràn án lọ́wọ́, ó sì lè pa á lára.

Ẹ̀kọ́ fún wa ní etí omi

Àwọn ìlú wa kan wà tí omi òkun ti ba ilẹ̀ wọn jẹ́. Ẹ̀fọ́ kì í gbèrú nínú omi oníyọ̀, èyí tí ó pọ̀ nínú ẹ̀fọ́, ata àti ọsàn wọn sì ń ti ọjà Igbókòdá wá pẹ̀lú ọkọ̀. Nígbà tí owó bá há, ẹ̀fọ́ ni a kọ́kọ́ ń yọ kúrò nínú owó ọjà. Ó dùn mí pé owó tí a kọ̀ láti fi ra tàtàṣé àti ẹ̀fọ́ ni a tún ń fi ra ike oògùn. Tàtàṣé tí ó pọ́n ní fítámì C tí ó ju ìlọ́po méjì ti ọsàn lọ bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba. Epo pupa wa kún fún carotene, ṣùgbọ́n bí a bá yọ́ ọ títí tí ó fi funfun, carotene náà ti jóná. Bí a bá bọ ẹ̀fọ́ pẹ́, tí a sì fún omi rẹ̀ dànù, fítámì C bá omi lọ.

Mo tún gbọdọ̀ sọ pé èéfín tí a fi ń yan ẹja ní àwọn èròjà tí ń fa jẹjẹrẹ nínú. N kò ní kí a má jẹ ẹja yíyan, oúnjẹ baba wa ni. Ṣùgbọ́n kí a fọ ẹ̀dú ara rẹ̀ kúrò, kí a má sì jẹ́ kí àwọn ìyá wa máa fi ojoojúmọ́ fa èéfín náà símú nínú ahéré tí kò ní ojú fèrèsé. Ti sìgá kò tilẹ̀ ṣe é fẹnu sọ: kò sí ata tàbí ọsàn tí ó lè san gbèsè rẹ̀.

Ohun tí ó kẹ́yìn ni èyí tí mo fi gbé kálàmù. Oúnjẹ tí ó dára lè ràn wá lọ́wọ́ kí jẹjẹrẹ má ṣe tètè rí ààyè, ṣùgbọ́n oúnjẹ kì í wo jẹjẹrẹ tí ó ti mú ni, kóró tí a yọ láti inú oúnjẹ kì í sì wò ó. Ẹni tí ó bá rí kókó tí kò yẹ lára ọmú rẹ̀, tàbí egbò tí kò jinná, tàbí ẹ̀jẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ti wá, kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní kíá, kí ó má ṣe dúró de olóògùn inú ọkọ̀. Owó àwọ̀n tí a tà, ibẹ̀ ni kí a ná an sí. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó wà nínú ike ń wo jẹjẹrẹ ni, ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ojú rí fítámì C ì bá ti fi gba ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo là.